Àyẹ̀wò Ètò Ìyanjú Aáwọ̀ ti Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé: Ẹjọ́ Ń Bẹ, Kòtẹ́milọ́rùn Ò Sí

Láti ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1995 ni Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé ti ń ṣe iṣẹ́ kan ní ìlú Geneva fún àwọn orílẹ̀-èdè tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, tí iye wọn ti di 166 báyìí. Bí ọ̀kan nínú wọn bá rí i pé òmíràn yẹ àdéhùn òwò tí wọ́n jọ fọwọ́ sí, ó lè pè é lẹ́jọ́, kí àwọn tí kò bá ìhà kankan tan gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì, kí wọ́n sì fi òfin dá ẹjọ́ náà. Mo fẹ́ yẹ iṣẹ́ yìí wò gẹ́gẹ́ bí a ti ń yẹ iṣẹ́ èyíkéyìí tí à ń náwó sí wò: ohun tó ṣèlérí, bó ṣe ń ṣe é, iye tó ń náni, àti ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó. Ìdí tí mo fi mú un nínú gbogbo ẹ̀ka òfin àgbáyé ni pé ara rẹ̀ ni ipa ìsọdọ̀kan àgbáyé ti hàn jù. Ìtànkálẹ̀ òwò ló fún un ní agbára tí irú rẹ̀ kò sí rí, ìbẹ̀rù ohun tí òwò kan náà ń fà nílé àwọn alágbára ló sì padà gé e lẹ́sẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí iṣẹ́ náà ti níye lórí tó yẹ kó mọ ohun tó wà ṣáájú rẹ̀. Ní ọdún 1947, orílẹ̀-èdè 23 fọwọ́ sí àdéhùn gbogboogbò lórí owó ibodè àti òwò, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí GATT. Ọ̀nà tí a fi ń gbọ́ ẹjọ́ wà nínú ètò náà, ṣùgbọ́n ìdájọ́ kò lè fẹsẹ̀ múlẹ̀ àfi tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ bá fohùn ṣọ̀kan lé e lórí, ẹni tó jẹ̀bi sì wà lára wọn. Kí olùjẹ̀bi ṣáà ti sọ pé òun kò gbà, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ oṣù ti di òfo nìyẹn. Ó yani lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ ló gba ẹ̀bi wọn láìlo àǹfààní yìí, àmọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan ohun tó ń ká ìjọba lára nílé, pàápàá owó ìrànwọ́ fún àwọn àgbẹ̀, wọn a máa lò ó.

Àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní Marrakesh ní ọjọ́ 15 oṣù Igbe ọdún 1994 yí ètò yìí po. Láti ìgbà náà, ìdájọ́ ń fẹsẹ̀ múlẹ̀ fúnra rẹ̀ àyàfi tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, títí kan ẹni tó jàre, bá gbà pé kí wọ́n fagi lé e, ta ni yóò sì jàre tán tí yóò ní kí wọ́n fagi lé ìdájọ́ òun? Wọ́n tún dá Ìgbìmọ̀ Kòtẹ́milọ́rùn sílẹ̀, onídàájọ́ méje tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń lo ọdún mẹ́rin, tí a sì lè tún yàn lẹ́ẹ̀kan sí i. Èyí tó wá ṣe pàtàkì jù ni pé kò sí ẹni tó lè sọ pé òun kò ní jẹ́jọ́. Níwájú Ilé-Ẹjọ́ Àgbáyé ní The Hague, orílẹ̀-èdè kì í jẹ́jọ́ àfi tó bá ti gbà pé ilé-ẹjọ́ náà láṣẹ lórí òun. Ní Geneva, ẹni tó bá ti wọ ẹgbẹ́ ti gbà. Àwọn ìjọba fẹ́ kí ọjà wọn máa wọ ìlú oníìlú débi pé wọ́n fínnúfíndọ̀ fi apá kan òmìnira wọn sílẹ̀ níwájú àwọn onídàájọ́ tí wọn kò lè dá yàn. Kò sí ìwàásù kankan lórí àlàáfíà tó tíì rí irú rẹ̀ gbà lọ́wọ́ wọn. Ẹjọ́ tí wọ́n ti pè níbẹ̀ láti ọdún 1995 ti lé ní 600. Èyí tó ti dé The Hague láti ọdún 1946 kò tó ìdajì rẹ̀.

Ìfikùnlukùn ni iṣẹ́ náà fi ń bẹ̀rẹ̀. Olùpẹjọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá olùjẹ́jọ́ jókòó sọ̀rọ̀, bí 60 ọjọ́ bá sì kọjá láìsí ojútùú ló tó lè béèrè fún ìgbìmọ̀ olùgbẹ́jọ́. Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, àmọ́ àwọn tó ṣe òfin yìí kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ka pípẹjọ́ sí ìwà ọ̀tá, nítorí pé ẹni tó pẹjọ́ àti ẹni tó jẹ́jọ́ ṣì máa tajà fún ara wọn lọ́la. Ìrètí náà ń ṣẹ ju bí a ti lè rò lọ. Ní ọdún 2004, Bangladesh pe Íńdíà lẹ́jọ́ lórí owó ibodè tó gbé ka orí bátìrì, ẹjọ́ àkọ́kọ́ tí ọ̀kan lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ọrọ̀-ajé wọn kéré jù lọ pè ní Geneva. Ẹjọ́ náà kò dé iwájú ìgbìmọ̀ kankan rárá. Ìfikùnlukùn wáyé, Íńdíà sì mú owó ibodè náà kúrò ní ọdún tó tẹ̀lé e.

Bí ẹjọ́ bá kọjá ìpele yẹn, àsìkò tí ìwé òfin ṣèlérí ni nǹkan bí ọdún kan, tàbí ọdún kan àti oṣù mẹ́ta bí kòtẹ́milọ́rùn bá wọ̀ ọ́. Kò sí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà dáadáa tó ṣì ń gba ìlérí yìí gbọ́. Ìdájọ́ ẹjọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ láàárín Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù àti àwọn orílẹ̀-èdè bíi Ecuador, Guatemala àti Honduras jáde ní ọdún 1997, ṣùgbọ́n ọdún 2012 ni wọ́n tó kéde pé aáwọ̀ náà parí. Ẹjọ́ lórí owó ìrànwọ́ fún Boeing àti Airbus, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2004, ó sì di ọdún 2021 kí Amẹ́ríkà àti Yúróòpù tó gbà láti sinmi gbígbé owó ibodè ìgbẹ̀san ka orí ọjà ara wọn. Àwọn ẹjọ́ ńláńlá nìyẹn lóòótọ́, kò sì yẹ ká fi wọ́n díwọ̀n gbogbo rẹ̀, àmọ́ fún ilé-iṣẹ́ tí ọjà rẹ̀ há sí èbúté, ọdún méjì pàápàá ti pọ̀ jù.

Bí àwọn onídàájọ́ rẹ̀ ti mọ òfin tó ni mo gbé ọ̀ṣùbà fún jù lọ nínú iṣẹ́ yìí. Nínú ìdájọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́, lórí ẹjọ́ tí Venezuela àti Brazil pe Amẹ́ríkà nítorí òfin epo bẹntiróòlù, Ìgbìmọ̀ Kòtẹ́milọ́rùn sọ ní ọdún 1996 pé a kò gbọ́dọ̀ ka òfin òwò bí ẹni pé ó dá wà, tí kò bá òfin àgbáyé yòókù tan, ó sì fi ìlànà ìtúmọ̀ àdéhùn tó wà nínú Àdéhùn Vienna ti ọdún 1969 tú ọ̀rọ̀ náà. Ó dà bí ọ̀rọ̀ kékeré, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn aláṣẹ òwò ṣáájú ìgbà náà gbà pé tiwọn yàtọ̀, pé ọ̀rọ̀ owó ibodè kò kan ọ̀rọ̀ àyíká tàbí ìlera.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ẹjọ́ edé dé. Amẹ́ríkà kò gba edé láyè láti wọlé láti ìlú tí àwọn apẹja rẹ̀ kò bá lo àwọ̀n tó ń jẹ́ kí ìjàpá òkun lè jáde, Íńdíà, Malaysia, Pakistan àti Thailand sì pè é lẹ́jọ́. Àwọn tó ń lòdì sí ìsọdọ̀kan àgbáyé ti sọ fún gbogbo ayé pé ilé-ẹjọ́ oníṣòwò yóò fi ìjàpá òkun rúbọ. Ohun tí ìgbìmọ̀ náà sọ yàtọ̀: orílẹ̀-èdè lè dáàbò bo ohun abẹ̀mí tó ń kú run, kódà bí ọjà bá fara gbá a, àmọ́ Amẹ́ríkà jẹ̀bi nítorí pé ó bá àwọn ìlú kan jókòó ṣàdéhùn, ó sì pàṣẹ lásán fún àwọn yòókù. Amẹ́ríkà tún ọ̀nà tó ń gbà lo òfin náà ṣe, ó bá àwọn tó kù sọ̀rọ̀, nígbà tí Malaysia sì tún pè é lẹ́jọ́, Amẹ́ríkà ló jàre ní ọdún 2001. Mo ka irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ sí iṣẹ́ àgbà, nítorí kò gba ẹ̀tọ́ àtiṣòfin lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kìkì pé ó ní kí alágbára fi ọ̀wọ̀ kan náà bá gbogbo ènìyàn lò.

Ẹjọ́ sìgá ti Ọsirélíà tún fi ẹ̀gbẹ́ mìíràn hàn. Ní ọdún 2011, Ọsirélíà ṣòfin pé gbogbo páálí sìgá gbọ́dọ̀ rí bákan náà, láìsí àwọ̀ tàbí àmì ilé-iṣẹ́. Ukraine, Honduras, Dominican Republic, Cuba àti Indonesia pè é lẹ́jọ́ ní Geneva. Ilé-iṣẹ́ sìgá Philip Morris fúnra rẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn, ó lo ẹ̀ka rẹ̀ tó wà ní Hong Kong láti pe Ọsirélíà níwájú àwọn onílàjà aládàáni, lábẹ́ àdéhùn ìdókòwò tí Ọsirélíà àti Hong Kong ṣe ní ọdún 1993. Òfin kan ṣoṣo tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kan ṣe lórí ìlera àwọn ará ìlú rẹ̀ di ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò níbi méjì lẹ́ẹ̀kan náà, lábẹ́ ìwé òfin méjì tó yàtọ̀ síra. Ọsirélíà borí níbi méjèèjì. Ní ọdún 2015, àwọn onílàjà ní ilé-iṣẹ́ náà ṣi ẹ̀tọ́ rẹ̀ lò, nítorí ó tún ètò ara rẹ̀ tò kó lè rí ọ̀nà pẹjọ́. Ní oṣù Òkúdù ọdún 2020, Ìgbìmọ̀ Kòtẹ́milọ́rùn fọwọ́ sí ìdájọ́ tó dá Ọsirélíà láre. Ní Geneva, ó kéré tán, orílẹ̀-èdè nìkan ló lè pẹjọ́, kò sì sí ẹni tó máa sọ pé kí ìjọba san owó gègèrè fún ilé-iṣẹ́ nítorí òfin tó ṣe. Mo fara mọ́ èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ní ìyọnu tirẹ̀: àgbẹ̀ tàbí oníṣòwò tí ìyà ń jẹ gbọ́dọ̀ bẹ ìjọba rẹ̀ kí ó bá òun gbé ẹjọ́ náà, ìjọba náà sì lè ní ìdí tirẹ̀ tí kò fi ní ṣe é.

Ní ti owó, kò sí owó ìpẹjọ́, àpò Àjọ náà ni wọ́n sì ti ń san owó àwọn olùgbẹ́jọ́. Àwọn agbẹjọ́rò ló ń náni. Òfin náà ti gbòòrò, ìwé ẹ̀rí inú ẹjọ́ owó ìrànwọ́ kan ṣoṣo lè kún yàrá, àwọn tó mọ̀ ọ́n dunjú kò sì pọ̀ láyé. Nítorí èyí ni wọ́n fi dá ibùdó ìmọ̀ràn òfin kan tí a mọ̀ sí ACWL sílẹ̀ ní Geneva ní ọdún 2001, tí kò sí lábẹ́ Àjọ náà, tó ń ṣojú fún àwọn orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè ní owó pọ́ọ́kú. Òun ló dúró ti Bangladesh nínú ẹjọ́ bátìrì. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé apá wo nínú gbogbo ètò yìí ni owó tí wọ́n ná sí i so èso jù, ibùdó yìí ni màá nàka sí.

Ibi tí ara ti ń ta mí ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìdájọ́. Kò sí ọlọ́pàá, kò sì sí owó ìtanràn fún àdánù tó ti kọjá. Ẹni tó jẹ̀bi ní láti tún òfin rẹ̀ ṣe láti ìsinsìnyí lọ ni. Bó bá kọ̀, ẹni tó jàre lè gba àṣẹ láti gbẹ̀san, ìyẹn ni pé kó gbé owó ibodè gọbọi ka orí ọjà olùjẹ̀bi. Antigua àti Barbuda, tí àwọn ènìyàn ibẹ̀ kò tó 100,000, pe Amẹ́ríkà lẹ́jọ́ ní ọdún 2003 nítorí pé ó dí i lọ́wọ́ láti máa ta tẹ́tẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn ará Amẹ́ríkà. Ó jàre ní ọdún 2005. Nígbà tí Amẹ́ríkà kò yí padà, Antigua béèrè fún àṣẹ ìgbẹ̀san tó ju bílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là lọ lọ́dọọdún. Àwọn onílàjà fún un ní mílíọ̀nù 21 ní ọdún 2007. Báwo ni erékùṣù kékeré á ṣe wá gbé owó ibodè ka orí ọjà Amẹ́ríkà láìjẹ́ pé àwọn ará ìlú tirẹ̀ ni yóò san án? Wọ́n gbà á láyè pé kó dá ìdáàbòbò ẹ̀tọ́ àwọn oníṣẹ́ ọpọlọ ará Amẹ́ríkà dúró, àṣẹ ìkẹyìn sì jáde ní ọdún 2013. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, Antigua ṣì ń dìde ní ìpàdé Geneva láti sọ pé ọwọ́ òun kò tíì ba nǹkan kan.

Ẹ fi wé Brazil. Ó pe Amẹ́ríkà lẹ́jọ́ ní ọdún 2002 lórí owó ìrànwọ́ fún àwọn àgbẹ̀ olówùú, Bẹ̀nẹ̀ àti Chad sì dara pọ̀ mọ́ ẹjọ́ náà gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Brazil jàre, ó gba àṣẹ ìgbẹ̀san ní ọdún 2009, ọjà rẹ̀ sì tóbi tó láti kó jìnnìjìnnì bá àwọn ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà. Amẹ́ríkà wá bẹ̀rẹ̀ sí í san owó fún un, wọ́n sì fi mílíọ̀nù 300 dọ́là parí ọ̀rọ̀ náà ní ọdún 2014. Brazil ni owó náà lọ bá, kì í ṣe àwọn àgbẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ àti Chad. Òfin kan náà ni, onídàájọ́ kan náà ni, àmọ́ bí ọjà oníkálukú ti tóbi tó ló sọ ohun tí ìdájọ́ náà mú wálé.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, màá ṣì ti sọ fún ẹnikẹ́ni kí ó tó di ọdún 2019 pé kò sí iṣẹ́ tó dára ju èyí lọ nínú òfin àgbáyé. Ohun tó bà á jẹ́ ni pé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan kí a tó yan onídàájọ́ tuntun sínú Ìgbìmọ̀ Kòtẹ́milọ́rùn. Àṣìṣe tí wọ́n ṣàtúnṣe rẹ̀ lórí ìdájọ́ ní ọdún 1995 ni wọ́n fi sílẹ̀ lórí yíyan adájọ́. Amẹ́ríkà kọ̀ láti jẹ́ kí wọ́n tún ọ̀kan yàn ní ọdún 2016, láti ọdún 2017 ó sì dí gbogbo ìyànsípò lọ́nà. Ní ọjọ́ 10 oṣù Ọ̀pẹ̀ ọdún 2019, ìgbà àwọn méjì nínú mẹ́ta tó ṣẹ́ kù parí, bẹ́ẹ̀ mẹ́ta ni òfin ní kó gbọ́ ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹni ìkẹyìn kúrò ní oṣù Bélú ọdún 2020.

Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni, nítorí náà ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti Amẹ́ríkà. Ó ní ìgbìmọ̀ náà ń kọjá 90 ọjọ́ tí òfin fún un, pé àwọn tí ìgbà wọn ti tán ń bá ẹjọ́ lọ, pé ó ń sọ ìdájọ́ àtijọ́ di òfin tó gbọ́dọ̀ de ìgbìmọ̀ mìíràn, àti pé ó ń fi ojúṣe tí kò sí nínú àdéhùn lé àwọn orílẹ̀-èdè lórí, pàápàá lórí bí Amẹ́ríkà ṣe ń ṣírò owó ibodè sórí ọjà tí a tà ní owó pọ́ọ́kú láti òkèèrè. Apá kan nínú rẹ̀ jẹ́ òótọ́. Ìdájọ́ kan tó gùn ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ojú-ewé kò lè jáde láàárín 90 ọjọ́, ó sì yẹ kí ìgbìmọ̀ náà gba àyè lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ dípò kó máa fúnra rẹ̀ fa àsìkò gùn. Àmọ́ ẹ̀sùn wọ̀nyí kò tó ohun tí a lè tìtorí rẹ̀ ti ilẹ̀kùn pa. Ààrẹ tó yàtọ̀ síra, láti inú ẹgbẹ́ òṣèlú méjèèjì, ló di ọ̀nà yìí mú, ìdí rẹ̀ sì jinlẹ̀ ju ìlànà ẹjọ́ lọ: ìtànkálẹ̀ òwò ti gbé iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ lọ sí òkèèrè, Ṣáínà ti di olùdíje ńlá, òfin tí Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ jà fún ní ọdún 1994 sì ti wá ń ká a lọ́wọ́ kò. Orílẹ̀-èdè 130 ti gbé àbá kalẹ̀ pé kí ìyànsípò bẹ̀rẹ̀. Amẹ́ríkà ti sọ pé rárá ju ìgbà 80 lọ.

Àbájáde rẹ̀ ni pé olùjẹ̀bi lè pe kòtẹ́milọ́rùn, kí ẹjọ́ náà sì dúró síbẹ̀ láéláé, bí ẹni gbé ìwé lọ sí ilé tí kò sí onílé. Ní ọdún 2021, Mòrókò ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ẹjọ́ tí Tùnísíà pè é lórí ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ ilé-ìwé. Ìgbìmọ̀ dá Indonesia lẹ́bi lórí òfin tó fi dí òkúta níkẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ láti jáde nílùú, Indonesia sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2022. Amẹ́ríkà náà, tí ìgbìmọ̀ sọ fún pé ààbò ìlú kò tó àwíjàre fún owó ibodè tó gbé ka orí irin àti alumíníọ̀mù, ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2023. Ẹjọ́ tó há báyìí ti ju 20 lọ. A ti padà sí ohun tó wà nígbà GATT, kódà ó burú jù ú lọ, nítorí pé nígbà GATT olùjẹ̀bi ní láti dìde níwájú gbogbo ẹgbẹ́ kó sọ pé òun kò gbà. Lónìí ìwé kan ṣoṣo ló máa fi ránṣẹ́.

Àwọn kan ti wá ọgbọ́n dá sí i. Ní oṣù Igbe ọdún 2020, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, Ṣáínà, Kánádà, Ọsirélíà, Brazil, Mexico àti àwọn mìíràn dá ètò ìlàjà kan sílẹ̀ láàárín ara wọn, tí wọ́n ń pè ní MPIA, láti rọ́pò kòtẹ́milọ́rùn tó kú. Jàpáánù wọlé ní ọdún 2023. Ẹjọ́ àkọ́kọ́ tó gbọ́, lórí ànàmọ́ gígé inú yìnyín tí Colombia gbé owó ibodè kà lórí nígbà tó wọlé láti Yúróòpù, parí ní oṣù Ọ̀pẹ̀ ọdún 2022 láàárín 90 ọjọ́, ìdájọ́ náà sì ṣe ṣókí, ó sì yéni. Iṣẹ́ náà dára, bóyá ó tilẹ̀ dára ju ti àtijọ́ lọ. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹni tó bá fẹ́ ló ń wọ̀ ọ́. Amẹ́ríkà kò sí níbẹ̀, Íńdíà kò sí níbẹ̀.

Ní ti ojú-òpó íntánẹ́ẹ̀tì Àjọ náà, gbogbo ìdájọ́ ló wà lórí rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Spéènì, ó sì rọrùn láti fi nọ́ńbà ẹjọ́ wá ohunkóhun. Ìgbẹ́jọ́ fúnra rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń ṣe ní ìkọ̀kọ̀ àyàfi tí ìhà méjèèjì bá gbà kí àwọn ènìyàn wò ó.

Fún ìjọba tó bá ń rò ó bóyá kí òun pẹjọ́ lónìí, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni bóyá ẹni tó fẹ́ pè lẹ́jọ́ wà nínú ètò ìlàjà yẹn, kí òun náà sì wọ̀ ọ́ kó tó pẹjọ́. Bí kò bá sí níbẹ̀, kó gbìyànjú láti gba ìwé àdéhùn lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ ẹni tó máa jàre, pé àwọn méjèèjì kò ní pe kòtẹ́milọ́rùn. Indonesia àti Vietnam ṣe irú rẹ̀ ní ọdún 2019. Bí ìyẹn náà kò bá ṣeé ṣe, kó gba ibùdó ìmọ̀ràn lọ, kó sì lo gbogbo 60 ọjọ́ ìfikùnlukùn náà tán pátápátá, nítorí ìyẹn nìkan ló kù nínú iṣẹ́ náà tí olùjẹ́jọ́ kankan kò tíì rí ọ̀nà dí.